Ohun Tó Kù ní Ẹsẹ̀ Òkè

Nígbà tí a kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ Òkè, Àfáà Àbúdúlláhì ṣì wà láyé. Ìyá Hàjàrá tó ń dín kóósé, àkàrà ẹ̀wà, lẹ́nu ọ̀nà wa ní àdúgbò Changli ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Amama, ìyá Issahaku, ṣì wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Igi dóńgóyárò tó wà láàárín agboolé tí a háyà ṣì dúró, onílé kò tíì gé e láti fi àyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí Ọlọ́run kẹ́ àwọn tó lọ. Gbogbo wọn ló rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ìparí rẹ̀.

Abẹ́ igi yẹn la ti ya ìlú tuntun. Ẹni tó bá ti gbé ilé onílé rí ló mọ bó ṣe ń rí. Lónìí wọ́n á ní kí o san owó ọdún méjì sílẹ̀ kí o tó gbé ẹní wọlé. Lọ́la wọ́n á ní ọmọ àwọn ń bọ̀ láti Kumasi, kí o máa kó ẹrù rẹ. Bí o bá bèèrè owó rẹ tó kù, wọn á ní ẹnu rẹ gùn. Nítorí náà, nígbà tí àwa ọmọ Yorùbá mélòó kan àti àwọn Dàgómbà, ọmọ onílùú, tí a jọ ń háyà ilé gbọ́ pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn Gumani, ní abúlé kan tí òkè kékeré yọrí sí, a ní Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn. Àwa la sọ ibẹ̀ ní Ẹsẹ̀ Òkè. Àwọn onílẹ̀ ní orúkọ tiwọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, la máa ń jókòó. Bádrù, ọmọ Àfáà, tó ń ta ohun èlò alùpùpù, ni wọ́n fi ṣe alága. Kí ẹni tó ń ya ilẹ̀ sórí ìwé tó gbé tirẹ̀ dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ti kọ́kọ́ yà á. A fi òkúta ńlá ṣe mọ́sáláṣí, a fi ṣùkù àgbàdo ṣe ilé, a na okùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà. Bùshrà, ìyàwó Bádrù, fi ìdérí igbá sí àárín, ó ní ibẹ̀ ni kànga máa wà, pé bí àwọn ọkùnrin bá gbé e lọ sẹ́yìn ìlú, àwọn ọkùnrin náà fúnra wọn ni wọ́n á máa pọn omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ìdérí igbá náà kúrò. Ìyá Hàjàrá fi ìka fa ilẹ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàrá, nítorí omi òjò kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ alága.

Àfáà Àbúdúlláhì á jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀, á máa yí tẹ̀sùbáà, á wo gbogbo rẹ̀ yíká, á sì wí pé, ó dára, ó ku nǹkan kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni Bádrù bi í pé kí ló kù. Àfáà ní ibi tí a ó máa sin òkú wa sí ló kù. Ariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" la gbọ́. Àwọn obìnrin gbá àyà, Bádrù sì ní ọ̀rọ̀ ayọ̀ la wà, kí Bàbá jọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe máa ń rí. A kì í dárúkọ sàréè níbi tí ìpìlẹ̀ ilé kò tíì gbẹ. Àfáà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ní ó ku nǹkan kan, a ó ṣe bí ẹni pé a ò gbọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ibi tí ọjà máa kọjú sí.

Nǹkan kejì tí Àfáà sọ ni pé kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé obì lọ kí Naa, olórí abúlé náà, kí Naa lè rí ojú rẹ̀ kí ó sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa lọ. Bádrù ní ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí òun ráyè. Ó kó obì àti owó lé Màmúdù lọ́wọ́. Ọmọ abúlé náà ni Màmúdù, òun ló ń bá wọn ta ilẹ̀, ó máa ń wọ gíláàsì dúdú, ó sì ń pe gbogbo èèyàn ní ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé Bádrù ni mo fẹ́ sọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bùshrà ń ro túwó tí àwọn òṣìṣẹ́ máa jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó onílé wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó na okùn sójú fèrèsé yàrá wọn, ó ń wọn aṣọ tí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ wá gba yàrá náà máa ta síbẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó kí Bùshrà kú iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Bùshrà kọjú sí ọkọ tirẹ̀.

"Bàbá Fawziyyah, wọ́n ti mọ aṣọ tí fèrèsé wa máa lò. Àwa la ò tíì mọ ibi tí a ó sùn lóṣù tó ń bọ̀."

Bádrù ní ṣebí ìpìlẹ̀ ilé làwọn ń lọ gbẹ́ yìí, kí ló tún kù. Bùshrà yí ọmọrogùn nínú ìkòkò, ó ní òun kò tíì fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilẹ̀ náà.

"Wúrà etí mi tí a tà ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ kí i."

Bádrù gbé ọkọ́, ó jáde. Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin ti gbọ́ ibi tí à ń lọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n ṣọ́ra, pé àbúrò òun ra ilẹ̀ lọ́nà Choggu, nígbà tó lọ wò ó, ilé ẹlòmíràn ti yọ fèrèsé lórí rẹ̀. Èkejì ní nílùú yìí, bí o bá ra ilẹ̀, àfi kí o sùn sórí rẹ̀. Ìyá Hàjàrá tó ń bu kóósé sínú ìwé ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú mọ́ dáadáa kí wọ́n tó máa ṣépè fún èèyàn. Síbẹ̀, ó sọ kóósé rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun náà ń bá wọn lọ.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń kó sìmẹ́ńtì ló gbé wa. Àfáà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á, àwa tó kù wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò túwó, ọbẹ̀ kúkà, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Bùshrà gbá ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ra bí ọmọ. A kọjá Gumani, oko àgbàdo bẹ̀rẹ̀, òkè náà sì yọ sí wa, kékeré, ó pupa, koríko bò ó lórí. Ojú Bùshrà rọ̀. Ó bi Fawziyyah ọmọ rẹ̀ pé níbo ni ìdérí igbá òun wà. Ọmọ náà nawọ́ sí ọ̀gangan kan nínú pápá.

A dé orí ilẹ̀ Bádrù, a bá èèkàn wa tí wọ́n ti fà tu, tí wọ́n dì pọ̀ bí igi ìdáná. Búlọ́ọ̀kù wà lórí ilẹ̀ náà ní ìlà. Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ ń ta okùn ìwọ̀n, ìyá arúgbó kan sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú agbòòrùn. Issahaku nìyẹn, mọlémọlé ni. Ìyá náà ni Amama, ìyá rẹ̀. Bádrù bi í pé ta ló ní kó dé ibẹ̀. Issahaku ní òun ra ilẹ̀ òun lọ́wọ́ Màmúdù, òun fún un lóbì, òun fún un lówó, ta ni Bádrù?

Bádrù pe Màmúdù. Fóònù kú. Issahaku mú tirẹ̀ jáde, ó pè é. Kú náà ni. Àwọn méjèèjì dúró, olúkúlùkù gbé fóònù sétí, wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Nígbà náà ni inú bí Bádrù. Dàgbáńlì, èdè àwọn Dàgómbà, kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ìlú náà la bí i sí, ṣùgbọ́n bínú bá bí i, Yorùbá ló ń sọ, ọ̀rọ̀ tó sì sọ lọ́jọ́ náà kò yẹ létí ọmọdé. Issahaku yíjú sí Fawziyyah, ó bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ wí. Ọmọ náà máa ń gbọ́ Yorùbá, Hausa ló sì fi ń dáni lóhùn nílé. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Issahaku, ó sì fi Dàgbáńlì sọ pé bàbá òun ní dásíbà, ẹ káàárọ̀.

"Náà," ni Issahaku fi dáhùn ìkíni lédè wọn, bí ẹni tí wọ́n kí ní tòótọ́, ojú rẹ̀ le koko.

Àfáà bú sẹ́rìn-ín. Amama náà rẹ́rìn-ín débi pé agbòòrùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ì bá ti rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ti Issahaku pé wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, ó sì wá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní ilẹ̀ baba àwọn ni, àlejò ni wá, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, a mọ ọ̀nà ilé wa.

Àwa tí orí wa ti hewú mọ ọ̀rọ̀ yẹn, a ti gbọ́ ọ rí, lẹ́nu ìjọba, lórí rédíò, lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo àlejò kó ẹrù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ́. Àwọn tó ń bá Issahaku ṣiṣẹ́ náà gbé ṣọ́bìrì.

Ìyá Hàjàrá ló fọhùn. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ilẹ̀ baba rẹ, ọmọ mi, kí ló dé tí ìwọ náà fi rà á?"

Issahaku yíjú sí okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó ń ká a.

Àfáà sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra rìn lọ sórí búlọ́ọ̀kù, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amama. Ó ní kí Ìyá Fawziyyah bu oúnjẹ wá. Bùshrà wò ó bí ẹni pé kò gbọ́. Àfáà tún un sọ. Ó ní kí ó bu ti gbogbo èèyàn, kó sì bu ti òun àti ìyá yìí sínú abọ́ kan náà. Ẹni tí túwó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbé ọkọ́. Báyìí la ṣe jẹun lórí ilẹ̀ tí à ń jà sí, àwa lápá kan, àwọn lápá kejì, àwọn arúgbó méjì láàárín.

Hausa ni Amama fi ń bá Àfáà sọ̀rọ̀. Ó ní ìjì ti ṣí òrùlé yàrá tí àwọn háyà ní Gumani, onílé kò tún un ṣe, kò sì dá owó padà, inú ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí làwọn ń sùn. Ó fi ọwọ́ lu búlọ́ọ̀kù tó jókòó lé.

"Màlúù kan ṣoṣo tí mo ní ló wà lábẹ́ ibi tí mo jókòó sí yìí."

Bùshrà tó gbé ẹran wá gbọ́ ọ. Ó mú ẹran tó wà nínú abọ́ tirẹ̀, ó fi kún ti Amama, ó sì padà síbi tó jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́, Àfáà ní kí Bádrù àti Issahaku dìde, àwọn ń lọ kí Naa. Bádrù ní ọlọ́pàá ló yẹ kí àwọn lọ bá. Àfáà ní bó bá ti kí onílẹ̀ tán, kó máa lọ kí ọlọ́pàá. Ó mú obì jáde nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ti mú un dání láti ilé, ó pín in sí méjì, ó fún Bádrù ní tirẹ̀, ó fún Issahaku ní tirẹ̀. Ojú ti àwọn méjèèjì láti gbà á. Gbogbo wa la tẹ̀ lé wọn lọ, títí kan Amama.

Naa jókòó sínú yàrá roboto tó fi ń gba àlejò, àwọn àgbà rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bádrù àti Issahaku lóṣòó, wọ́n gbé obì síwájú rẹ̀. Naa wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú èkejì. Ó ní òun kò rí ojú kankan nínú méjèèjì yìí rí. Wọ́n ní Màmúdù làwọn fún. Naa yí obì kan lọ́wọ́, ó yí i títí. Ó ní obì kankan kò dé ọ̀dọ̀ òun. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n Naa lobìnrin ni Màmúdù. Naa gbọ́. Kò gbé orí sókè. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kò nílò kí wọ́n sọ fún un pé òjò ń rọ̀.

Naa gbé obì náà kalẹ̀. Ó ní òun kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì, torí ẹnì kan náà ló jà wọ́n lólè. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun ronú. A mọ ohun tí àyè yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú ìlú yìí tí àwọn àgbà ṣì ń ro tiwọn lọ́wọ́, ògiri wọn ti wó tán. Ìyàwó onílé Bádrù sì ti wọn aṣọ fèrèsé.

Àfáà ní kí Naa dárí ji òun, òun ní ọ̀rọ̀ kan.

"Naa, àwọn ọmọ wa ti ya ìlú. Wọ́n ya mọ́sáláṣí, wọ́n ya ilé kéú, wọ́n ya ọjà, wọ́n ya ọ̀nà omi. Wọn ò ya ibi tí a ó sin wọ́n sí. Lọ́dún tí wọ́n lé wa, etí títì la sin bàbá mi sí. A padà wá, a ò mọ ibẹ̀ mọ́ títí di òní. Ibi tí èèyàn ò bá lè sin òkú rẹ̀ sí, ilé háyà ni. Ilẹ̀ tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì yìí, ẹ jẹ́ kó di ti òkú wa àti òkú yín. Kò sẹ́ni tó máa lè tà á nígbà kẹta."

"Bàbá," ni Bádrù pè.

Bùshrà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí rẹ̀ tó ṣófo. Gbogbo wa ló wò ó, torí bó bá figbe ta, kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Kò figbe ta. Ó ní, "Kí wọ́n má jẹ́ kó jìnnà sí omi ṣá. Wọ́n á nílò rẹ̀ láti fi wẹ òkú."

Amama ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Issahaku dorí kodò. Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ kan nínú pápá, òun fẹ́ kó o jẹ. Àfáà ní ọ̀rọ̀ wo, ṣebí dásíbà ni wọ́n jọ kí ara wọn.

Naa rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó bu obì jẹ níwájú àwọn méjèèjì, ó ní kí ilẹ̀ náà di ti òkú. Ó dìde, ó gbé ọ̀pá, ó mú wa gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ sí apá ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún Bádrù, ọ̀kan fún Issahaku. Kì í ṣe ilẹ̀ tó dára. Òkúta ni. Ọkọ́ àkọ́kọ́ tí Bádrù sọ kàn án, iná ló ta. Ṣùgbọ́n Naa fúnra rẹ̀ ló fún wọn, níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì rí ojú wọn. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Nígbà tí à ń padà ní ìrọ̀lẹ́, Bádrù jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé ìkòkò òfìfo sórí itan. Ó ní, "Ìyá Fawziyyah, èmi ni. Ǹ bá ti gbé obì náà lọ fúnra mi."

Bùshrà wo òkè náà títí ó fi kéré lẹ́yìn wa. Ó ní àyè tí wọ́n fún àwọn yìí sún mọ́ ìdérí igbá òun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó tó Bádrù.

Wúrà Bùshrà kò padà. Màlúù Amama kò padà. Wọ́n ní Màmúdù wà ní Kumasi, pé mọ́tò ló ń tà báyìí, pé ó ṣì ń pe gbogbo èèyàn ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Onílé kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó lé wọn jáde nígbà tó ní òun máa lé wọn, ó sì gé igi dóńgóyárò náà. Ìyá Hàjàrá kó àwo àti ìkòkò rẹ̀ jáde síta, ó fún wọn ní yàrá kejì tó fi ń kó ẹ̀wà sí, ó ní ẹ̀wà kóósé kò mọ̀ bóyá inú ilé lòun sùn. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé. Nígbà tó bá di Sátidé, a ó kó ara wa lọ Ẹsẹ̀ Òkè lọ ṣa òkúta. Ọwọ́ Issahaku ló mọ ògiri ilé méjèèjì, bó bá to ìlà kan sí tirẹ̀, á to ìlà kan sí ti Bádrù, Amama á sì máa pariwo lé e lórí láti abẹ́ agbòòrùn pé ti Yorùbá wọ́. A dúpẹ́. Ká má purọ́, a dúpẹ́.

Àfáà kì í ṣa òkúta. Orí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún òkú yẹn ló máa ń lọ. Ó ti ṣa kóró dóńgóyárò sápò kí wọ́n tó gé igi náà, ó gbìn wọ́n yí ilẹ̀ náà ká, ó ń fi kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ bomi rin wọ́n. Bí a bá ní kó wá sinmi, á ní òun ń bọ̀, pé ilé tòun ni òun ń tún ṣe. A kì í ṣe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" mọ́.

Ó kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ní yàrá tí Ìyá Hàjàrá fún wọn, ó ní kí Fawziyyah bá òun gbé kòkó, ògì gbígbóná, wá. Nígbà tí ọmọ náà fi gbé e dé, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí awọ àgùntàn rẹ̀, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wa lọ lọ́jọ́sí ló gbé e. Omi tí Bùshrà fà nínú kànga tí a ti gbẹ́ síbi ìdérí igbá rẹ̀ la fi wẹ̀ ẹ́. Issahaku ló gbẹ́ ilẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun, ilẹ̀ náà sì rọ̀, òkúta kan kò sí níbẹ̀. Naa wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé obì wá.

Lọ́jọ́ náà, kò tíì sí ilé kan tó ní òrùlé ní Ẹsẹ̀ Òkè. Àfáà ló kọ́kọ́ kó lọ. Àwa la wá bá a níbẹ̀.